Ẹjọ́ ilẹ̀ Kerala tó dé Nairobi, tí kò tíì dé Àbújá

Ẹjọ́ ilẹ̀ ló ń bọ́ mi nínú iṣẹ́ lọ́yà tí mò ń ṣe ní Ìlọrin. Bí ẹnì kan kò bá ti Tanke wá, á ti Ajáṣẹ́-Ìpo tàbí Òmù-Àrán wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sì sọ: olórí ẹbí ti ta ilẹ̀. Àṣà wa ti dáhùn ìyẹn tipẹ́. Olórí ẹbí lè pín ilẹ̀ fún ọmọ ẹbí kó fi dáko, ó lè gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, ó lè gbèjà ilẹ̀ náà ní kóòtù. Kò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí yòókù fọwọ́ sí i. Alábòójútó ni, ẹbí ló ni ilẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí fi wọ̀ mí lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn lágbára láti tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe. Ṣé agbára náà tó kí wọ́n fi tú u palẹ̀?

Ní ọdún 1970, olórí ilé ẹ̀sìn Híńdù kan ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, Swami Kesavananda Bharati, pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí òfin tó fẹ́ gba lára ilẹ̀ ilé ẹ̀sìn náà. Ẹjọ́ ilẹ̀ bíi tiwa ni. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ ti ń lọ ni ilé aṣòfin ń tún ìwé òfin ṣe láti dín ohun tí kóòtù lè ṣe kù, ni lọ́yà rẹ̀, Nani Palkhivala, bá gbé ìjà náà kúrò lórí ilẹ̀, ó gbé e ka orí agbára àwọn aṣòfin fúnra wọn. Adájọ́ 13 ló jókòó sí i, ọjọ́ 68 ni wọ́n fi gbọ́ àwíjàre. Nígbà tí ìdájọ́ dé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1973, adájọ́ 7 ní kò sí abala tí àwọn aṣòfin kò lè tún ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ hú ìpìlẹ̀ ìwé òfin náà. Àwọn 6 yòókù kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìdájọ́ yẹn fi wúlò. Ní ọdún 1975, kóòtù fagi lé ìbò tó gbé Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà, wọlé. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn aṣòfin kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé kóòtù kankan kò lè yẹ ìbò olórí ìjọba wò. Wọ́n ní iye ìbò tó yẹ kí wọ́n ní, wọ́n sì tẹ̀ lé gbogbo ìlànà. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, kóòtù tó ga jù lọ wọ́gi lé abala yẹn, ó ní ó kọjá àtúnṣe.

Jámánì ni èrò náà ti wá sí Íńdíà, ìyà ló sì kọ́ Jámánì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1933, ilé aṣòfin wọn fi ohun tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ gbé agbára ìṣòfin lé ìjọba Hitler lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá kọ ìwé òfin tuntun ní ọdún 1949, wọ́n kọ ọ́ sí abala 79 pé àwọn nǹkan kan wà, iyì ọmọ ènìyàn àti ìjọba àwa-ara-wa lára wọn, tí iye ìbò kankan kò lè yí padà láé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Dietrich Conrad, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní yunifásítì Banaras ní ọdún 1965, àwọn lọ́yà Íńdíà sì gbá a mú. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń ka ọ̀nà tí èrò kan gbà rìn báyìí, láti orílẹ̀-èdè tó fojú rí ìparun dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò fẹ́ fojú rí i.

Ó dé Kòlóḿbíà pẹ̀lú. Wọ́n ti yí ìwé òfin padà lẹ́ẹ̀kan kí Ààrẹ Álvaro Uribe lè lo sáà kejì, kóòtù sì gbà á láyè. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí ará ìlú dìbò lórí sáà kẹta, adájọ́ 7 nínú 9 sọ ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2010 pé kò ṣeé ṣe, ìwé òfin mìíràn pátápátá ni ìyẹn yóò dà. Uribe gbà fún wọn.

Ti Uganda kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ òdiwọ̀n sáà ààrẹ kúrò ní ọdún 2005, wọ́n tún yọ òdiwọ̀n ọjọ́ orí ààrẹ, ìyẹn ọdún 75, kúrò ní ọdún 2017. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù tó ga jù lọ ní ọdún 2019, adájọ́ 4 fọwọ́ sí i, 3 kọ̀.

Kenya ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Lẹ́yìn tí Uhuru Kenyatta, ààrẹ ìgbà náà, àti Raila Odinga, olórí alátakò rẹ̀, bọ ara wọn lọ́wọ́ ní ọdún 2018, ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní BBI (Building Bridges Initiative), tó fẹ́ yí ìwé òfin ọdún 2010 padà: wọn yóò fi ẹkùn ìdìbò 70 kún ti tẹ́lẹ̀, wọn yóò dá ipò olórí ìjọba sílẹ̀, àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Ọ̀nà tí ìwé òfin là sílẹ̀ fún ará ìlú ni wọ́n gbé e gbà, èyí tó ń béèrè ìbuwọ́lùwé mílíọ̀nù kan. Ó ju 40 lọ nínú ilé ìgbìmọ̀ 47 tó wà ní àwọn kántì wọn (kántì ni wọ́n ń pe ìpín ìjọba tó dà bí ìpínlẹ̀ tiwa) tó fọwọ́ sí i.

David Ndii àti àwọn mẹ́rin mìíràn gbé e lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2021, adájọ́ márùn-ún ka ìdájọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n sì pe ẹjọ́ Kesavananda lórúkọ. Orí fóònù ni mo ti wò ó, mi ò lè gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní ìwé òfin Kenya ní ìpìlẹ̀ tí aṣòfin nìkan kò lè fọwọ́ kàn. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2022, kóòtù tó ga jù lọ lábẹ́ adájọ́ àgbà Martha Koome ní òfin àtọwọ́dá àwọn adájọ́ Íńdíà kò bá ilẹ̀ Kenya mu, adájọ́ kan ṣoṣo ló yapa lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ààrẹ kò lè sá sábẹ́ aṣọ ará ìlú láti yí ìwé òfin padà. Ibẹ̀ ni BBI parí sí.

Ọ̀pọ̀ lọ́yà ẹgbẹ́ mi banú jẹ́ pé wọ́n kọ ẹ̀kọ́ Íńdíà sílẹ̀. Èmi rò pé wọ́n rí ohun tó dára jù ú lọ. Nínú ìwé òfin Kenya, abala 255 ka àwọn nǹkan tó ṣe kókó sílẹ̀, sáà ààrẹ wà lára wọn, ó sì ní a kò lè fọwọ́ kàn wọ́n àfi tí ará ìlú bá dìbò, tí ó kéré tán ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sì jáde ní ìdajì àwọn kántì. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, kò di dandan kí adájọ́ wá a rí. Lọ́yà kékeré tó wà lọ́dọ̀ mi bi mí pé, “Mà, ta ló fún adájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún láṣẹ láti sọ pé rárá fún aṣòfin tí a dìbò fún?” Ìbéèrè tó tọ́ ni. Tí mo bá rántí 7 sí 6, ọkàn mi kì í balẹ̀: adájọ́ kan péré ló yà Íńdíà sí ọ̀nà mìíràn.

Àwa ńkọ́? Abala 9 nínú ìwé òfin wa ti ọdún 1999 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì, pẹ̀lú ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24 nínú 36, ti tó láti ṣe àtúnṣe. Abala 8, abala 9 fúnra rẹ̀ àti orí kẹrin tó wà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nìkan ló ń béèrè ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ní Àbújá. Abala 137 tó ní ààrẹ kò lè ju sáà méjì lọ, àti 182 tó sọ bẹ́ẹ̀ fún gómìnà, kò sí lára wọn. Ọ̀nà kan náà tí a ń gbà tún ohun kékeré ṣe la lè gbà yọ wọ́n. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2006, nígbà tí ọ̀rọ̀ sáà kẹta dé ilé aṣòfin àgbà, àwọn aṣòfin ló dà á nù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí dòní. Tí wọ́n bá ti gbà á ńkọ́? Kò sí ibi kankan nínú ìlànà náà tí wọn ì bá ti bi ẹnì kankan ní Ọ̀fà tàbí Òró léèrè.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí aṣojú-ṣòfin ẹkùn wa kò gùn. Kí a fi abala 137 àti 182 sí àárín àwọn tó wà lábẹ́ ààbò abala 9, kí ẹnikẹ́ni má sì lè yí èyíkéyìí nínú àwọn abala tí a dáàbò bò wọ̀nyí padà láìjẹ́ pé ará ìlú kọ́kọ́ dìbò bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Mo so abala 255 ti Kenya mọ́ ọn, mo sì ti sọ fún un pé mo ṣe tán láti wá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ èyíkéyìí tó bá pè mí.