Mo Lọ Wo Ẹ́ńjìnnì Olómi ní Lọ́ńdọ̀nù

Bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà ìdájí ni mo wọ̀ ní Manchester. Ìyàwó mi bi mí pé irú èèyàn wo ló ń fi oorun Sátidé sílẹ̀ torí ẹ́ńjìnnì tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Mi ò rí èsì fọ̀. Ọmọ mẹkáníìkì ni mí, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Mọ́kọ́lá, n’Ìbàdàn, ni mo dàgbà sí.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ ká tètè dé Victoria, ibùdókọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ lọ sí South Kensington, mo wá rìn dé Science Museum. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Kọfí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí ní iye rẹ̀.

Àjà kẹta ni ohun tí mo wá wò wà: Vickers Vimy, ọkọ̀ òfuurufú tí John Alcock àti Arthur Whitten Brown fi ré Òkun Àtìláńtíìkì kọjá láìdúró ní oṣù kẹfà ọdún 1919. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí ṣáájú wọn. Manchester tèmi yìí làwọn méjèèjì ti dàgbà, nítorí náà mo ń pè wọ́n ní ará àdúgbò. Ọkọ̀ náà tóbi, àmọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ wò ó. Ojú mi ti lọ sáàárín ìyẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Eagle wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, mọ́tò ni Rolls-Royce ń ṣe. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà máa ṣe ẹ́ńjìnnì Renault tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù, ṣùgbọ́n kò wu Henry Royce, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀; olómi, èyí tí omi ń mú tutù, ló fọkàn sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1915 ni Eagle àkọ́kọ́ dún: sílíńdà méjìlá, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ya bíi V. Agbára ẹṣin 225 ló kọ́kọ́ gbé jáde. Kógun tó parí, Eagle VIII ti dé 360. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Jámánì ni wọ́n ń bá jà, síbẹ̀ mọ́tò eré ìje Mercedes tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n gbé lọ sí Derby, níbi tí ilé iṣẹ́ Rolls-Royce wà, tí wọ́n tú wò. Mẹkáníìkì wo ni kì í tú ti ẹlòmíì wò?

Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ̀ ọ́ léwù, wọ́n jó etí ẹ̀wù náà pọ̀, omi sì ń gba àárín òun àti sílíńdà kọjá lọ sínú redíétọ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀ onígi.

Omi yìí ló yọ Harry Hawker lẹ́nu, awakọ̀ òfuurufú tó ti gbìyànjú láti ré òkun yìí kọjá ṣáájú Alcock àti Brown. Ní 18 oṣù karùn-ún 1919, òun àti Mackenzie-Grieve, tó ń júwe ọ̀nà fún un, gbéra ní Newfoundland, lápá Àríwá Amẹ́ríkà, nínú ọkọ̀ tó ní Eagle kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n dé agbami, ìdọ̀tí dí ọ̀nà omi, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Hawker pa á, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa já wálẹ̀ kó lè tutù, ó tún tan án, ó tún hó. Nígbẹ̀yìn, ó bà sójú òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi ará Denmark kan, Mary, tí kò ní rédíò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan làwọn èèyàn fi gbà pé wọ́n ti kú. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti bá ìyàwó Hawker kẹ́dùn. Ní 1920, redíétọ̀ tó ń jò ló tún dá Vimy kan tó ń lọ sí Cape Town dúró ní Korosko, ní ilẹ̀ Íjíbítì.

Bàbá mi ní àpá kan lọ́wọ́ ọ̀tún, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Dánfó kan ló ṣe é, lọ́jọ́ tí wọ́n kánjú ṣí ìdérí redíétọ̀. Àtìgbà yẹn, bí mo bá ti sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí, “Má ṣí i o!” ni màá gbọ́.

Ní ti Alcock àti Brown, rédíò wọn kú, páìpù èéfín ẹ́ńjìnnì kan já, kùrukùru bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ò hó. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìndínlógún, wọ́n rí pápá kan tó tẹ́jú nítòsí Clifden, ní Ireland. Àṣé àbàtà ni. Imú ọkọ̀ wọlẹ̀, ìrù rẹ̀ gbé sókè.

Mo pe bàbá mi lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sókè kí wọ́n lè rí i. Wọ́n wò ó dáadáa, wọn ò bi mí ní nǹkan kan nípa òkun. Ohun tí wọ́n bi mí ni, “Ibo ni wọ́n ti ń bu omi sí i?”

Mo ti lo wákàtí méjì níbẹ̀, mi ò wo ibẹ̀ rárá. Mo tún yí po, mo nàgà, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan ti ń wò mí.

“Bó o bá rí i,” bàbá mi ní, “má ṣí i o.”