Àyẹ̀wò ọdún: kẹ̀kẹ́ ojú títì, téèpù ìwọ̀n, àti owó tó yẹ kó ṣẹ́kù

Ọdún ti ń lọ sópin, ọyẹ́ ti dé, kálukú sì ti ń ṣírò ohun tó wọlé àtohun tó jáde. Ìṣirò tiwa dá lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra kẹ̀kẹ́ ológeere ti ojú títì, ìyẹn road bike, èyí tí hándù rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Láti oṣù Kìíní, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá: "Kẹ̀kẹ́ wo ni kí n rà?" Ó ṣọ̀wọ́n kẹ́nì kan tó bèèrè ìwọ̀n tó bá ara òun mu. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn tó ń dunni, ọwọ́ tó ń kú, orúnkún tó wú, kẹ̀kẹ́ olówó ńlá tó ti di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ìwọ̀n tí kò bára mu ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Téèpù àwọn télọ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kẹ́ ẹ la ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹ ki ìwé ńlá tó le sáàárín itan, kí etí rẹ̀ kan lè dúró ṣánṣán lára ògiri, kẹ́ ẹ fà á sókè títí tó fi kan egungun. Kẹ́nì kan fi bírò sàmì sí ibi tí orí ìwé dé, kó wọ̀n ọ́n títí dé ilẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, torí ìgbà àkọ́kọ́ kì í sábà pé. Ká ní 82 cm ló jẹ́: ẹ fi 0.65 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò fún yín ní 53.3, nítorí náà fíríìmù 53 tàbí 54 lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ìṣirò yìí bá fíríìmù àtijọ́ tí ọ̀pá òkè rẹ̀ tẹ́jú mu. Èyí tí ọ̀pá òkè rẹ̀ dagun lè ní nọ́ńbà tó kéré jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ gùn ún wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Bẹ́ ẹ bá bọ́ sáàárín ìwọ̀n méjì, kékeré ni kẹ́ ẹ mú. A lè fa ọ̀pá ìjókòó kékeré sókè, a sì lè fi ọrùn hándù tó gùn sí i, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gé fíríìmù ńlá kúrú. Tẹ́ ẹ bá dúró gba orí ọ̀pá òkè pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó yẹ kí àyè bíi 2 sí 3 cm wà láàárín yín àti ọ̀pá náà.

Tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà, kò sì burú tí ojú ẹni bá là. Ẹ mú àlẹ́ńkì 4, 5 àti 6 mm dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, pẹ̀lú rúlà kan. Ẹ tú ìdè ọ̀pá ìjókòó, kẹ́ ẹ fà á sókè. Bí kò bá mira, ọ̀pá àlúmíníọ̀mù ti dógùn-ún mọ́ inú fíríìmù onírin nìyẹn, iṣẹ́ ńlá sì ni láti yọ ọ́. Ọlọ́jà á ní ọ́ìlì díẹ̀ ló fẹ́. Ẹ ní kó fi ọ́ìlì sí i kó sì yọ ọ́ lójú yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kẹ́ ẹ yí wíìlì, kẹ́ ẹ máa wo àlàfo tó wà láàárín ríìmù àti rọ́bà bíréèkì. Bó bá ń yẹ̀ díẹ̀, bíi mìlímítà kan tàbí méjì, fífún sípóòkù á tún un ṣe. Bó bá ń fò sókè sódò, ó ti já sí kòtò rí, ríìmù ti wọ́. Ẹ fi ìka ra ojú ríìmù níbi tí bíréèkì ti ń dì í mú: tó bá ti jin wọnú, irin ibẹ̀ ti jẹ tán, atẹ́gùn inú táyà sì lè la á lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ dúró, ẹ fún bíréèkì iwájú, kẹ́ ẹ máa tì í síwá sẹ́yìn. Bó bá ń dún kọ̀-kọ̀ nínú ọrùn, ó kéré tán ó ti tú. Ó sì lè jẹ́ pé bẹ́ríìnì ti lọ. Apá pẹ́dà méjèèjì, ẹ dì wọ́n mú kẹ́ ẹ mì wọ́n sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọ́dọ̀ mì.

Ṣéènì ni rúlà wà fún. Ẹ gbé òdo rúlà sórí ojú píìnì kan, kẹ́ ẹ wo píìnì tó yẹ kó wà lórí ínǹṣì 12 gan-an. Bó bá fi 1/16 ínǹṣì kọjá, ṣéènì ti gbó. Bó bá fi 1/8 kọjá, ó ti jẹ eyín gíà ẹ̀yìn pẹ̀lú, ṣéènì tuntun tẹ́ ẹ bá fi sí i yóò máa fò lórí eyín àtijọ́. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nǹkan méjì lẹ máa rà, ẹ sì lè fi bẹ ọlọ́jà lórí iye owó.

Fíríìmù kábọ́ọ̀nù tòkúnbọ̀? Àwa ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti rà á. Ohun tó bá gbá a nínú kọ̀nténà lè máà hàn lójú ọ̀dà, kó sì ti sán nínú. Irin a máa tẹ̀ kó tó ṣẹ́, àmọ́ kábọ́ọ̀nù lè dá lójijì. Ẹ mú irin tàbí àlúmíníọ̀mù (òòfà á lẹ̀ mọ́ irin, kò ní lẹ̀ mọ́ àlúmíníọ̀mù). Ẹ wo abẹ́ ọ̀pá tó ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ́dà. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá hunjọ tàbí tó wú díẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà ti forí sọ nǹkan rí, ẹ fi sílẹ̀.

Gíà náà ṣe kókó, pàápàá fún ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí òkè ń dúró dè. Gíà iwájú eléyín 50 àti 34, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó dé 28 tàbí 32, ló dára. Kẹ̀kẹ́ àwọn eléré ìje àtijọ́ tó ní 53 àti 39 yóò fi orúnkún yín ṣẹ̀sín lórí òkè. Ará Èkó lè fara dà á, ilẹ̀ wọn tẹ́jú.

Ẹ má fi gbogbo owó ra kẹ̀kẹ́. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ fún akoto, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, túùbù méjì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ táyà, pọ́ńpù tó ní géèjì, àti táyà tuntun. Táyà tó ti jókòó pẹ́ a máa sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kódà tí ojú rẹ̀ bá ṣì dúdú mìnìjọ̀. Bí fíríìmù bá gba táyà tó fẹ̀ tó 28 mm, ẹ má ra 23.

Ó wá ku bí ara á ṣe balẹ̀ lórí rẹ̀. Gíga ìjókòó lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ fi 0.883 sọ 82 yẹn di púpọ̀: 72.4 cm, láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí títí dé orí ìjókòó. Ẹ fi gìgísẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: tẹ́ ẹ bá gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀. Bí iwájú orúnkún bá ń dunni, ìjókòó sábà máa ń rẹlẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ó ga jù. Ẹ sún un ní 5 mm péré lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ọ̀pá ìjókòó ní àmì tí wọ́n kọ MIN INSERT sí. Àmì náà kò gbọ́dọ̀ yọ síta.

Ìjókòó gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ máa ń tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ kí ìdí lè sinmi, ni ara bá ń yọ̀ lọ síwájú, ni ọwọ́ bá ń gbé gbogbo ẹrù, tó bá sì fi máa di ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e á ti kú. Iṣan tó gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá ni hándù ń tẹ̀. Ẹ dá imú ìjókòó padà, ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ibi tẹ́ ẹ dì mú: orí rọ́bà tó bo ọwọ́ bíréèkì lára hándù, òkè hándù, ìsàlẹ̀. Bí ọrùn bá ṣì ń dunni, hándù ló jìnnà tàbí tó rẹlẹ̀ jù. Ọrùn hándù tó kúrú sí i ní 10 tàbí 20 mm kì í wọ́n. Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ onífóòmù, a kì í wọ pátá sábẹ́ rẹ̀. Ojú rírán pátá ló ń bó ènìyàn. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn. Ẹnu túùbù kẹ̀kẹ́ ojú títì tín-ín-rín, orúkọ rẹ̀ ni Presta, ẹnu pọ́ńpù fọ́káńáísà kò sì lè mú un. Adápútà kékeré kan wà tí wọ́n ń yí mọ́ ọn. Ẹ ra méjì, ẹ so ọ̀kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Kẹ́ ẹ tó fẹ́ ẹ, ẹ tú orí rẹ̀ kékeré, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ṣe fìì. Síbẹ̀ ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ fọ́káńáísà: túùbù yín kéré, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti bẹ́ ẹ. Ẹni tó wọn 75 kg lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 70 psi níwájú àti 75 lẹ́yìn lórí táyà 28. Ihò méjì tó dọ́gba lára túùbù túmọ̀ sí pé atẹ́gùn kò tó nígbà tẹ́ ẹ wọ kòtò. Ihò kan ṣoṣo, ẹ fi ọwọ́ wá inú táyà kẹ́ ẹ tó fi túùbù míì sí i; wáyà tó gún un ṣì lè wà níbẹ̀.

Bàtà tó ń há mọ́ pẹ́dà lè dúró. Pẹ́dà pẹlẹbẹ dára fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí ibi tí ènìyàn ti dúró fún ọkọ̀ ló ti máa ń ṣubú, tí ẹsẹ̀ kò tètè tú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà 15 sí 20 ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, ẹ máa yí pẹ́dà kíákíá ní gíà fífúyẹ́, bíi 80 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan. Lórí afárá, ẹ fi wíìlì gba ibi ìsopọ̀ kọjá ní ìdábùú tààrà. Ihò irin orí gọ́tà tó nà gbọọrọ bá ojú ọ̀nà mu lè gbé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ mì. Omi bíi 750 ml fún wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tóòrùn bá mú. Bẹ́ ẹ bá máa kọjá wákàtí kan àbọ̀, ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí dàbínù sápò.

Ti ọyẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí: ọ́ìlì ẹńjìnnì kò yẹ ṣéènì, ó nípọn, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa ha irin. Ẹ fi àkísà nu ṣéènì, ẹ kán ọ́ìlì ṣéènì ẹyọ kan sí ìdè kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá nu gbogbo èyí tó wà lóde kúrò. Lẹ́yìn 100 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ tún fi àlẹ́ńkì kan gbogbo bóòtù ọrùn hándù àti ti ìjókòó. Wọ́n máa ń tú díẹ̀.