Ohun tó yẹ kí kádẹ́ẹ̀tì mọ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ máàṣì

Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá sọ́dọ̀ wa láàárọ̀ Sátidé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu wọn: "Ọ̀gá Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ọmọ yìí ṣe. Kì í gbọ́ràn." Èrò wọn ni pé a óò dá a lágara nínú oòrùn, a óò ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ káàkiri pápá, tó bá fi máa padà délé, ojú rẹ̀ á ti wálẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ń bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ síbí kó yé gbogbo èèyàn: orí ọmọ la kọ́kọ́ ń kọ́, ẹsẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá mọ ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tí a kàn ń pariwo mọ́, tí a bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, ó tán.

Ṣọ́jà ni mí tẹ́lẹ̀, ipò sájẹ́ǹtì ni mo sì wà tí mo fi fẹ̀yìn tì. Odògbo, ní Ìbàdàn níbí, ni mo ti lo ìgbà tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi, ní bárékè ńlá tí olú iléeṣẹ́ Division Kejì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni iléèwé kan ní apá Mọ́níyà ní kí n wá máa mójú tó àwọn kádẹ́ẹ̀tì wọn.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tuntun ni pé kádẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ṣọ́jà. Ọmọ iléèwé ni. Ìbọn tí wọ́n ń gbé léjìká lọ́jọ́ páréèdì, igi ni, káfíńtà ló gbẹ́ ẹ. Aṣọ wa, kákí lásán ni pẹ̀lú bẹ́rẹ́ẹ̀tì, torí òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gba aráàlú láti wọ aṣọ ológun. Àwọn òbí kan ti ra kámó fún ọmọ wọn lọ́jà rí, inú ọmọ sì ń dùn, àfi ìgbà tí mo ní kí wọ́n ká a padà sínú báàgì. Ẹ má ṣe bínú sí mi lórí èyí. Ọmọdé tó wọ kámó dúró sí gáréèjì Ìwó Road, kò mọ ẹni tó ń wò ó, kò sì mọ ohun tí onítọ̀hún ń rò.

Lẹ́yìn ìyẹn, màá bi wọ́n léèrè orúkọ. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gba Mọ́kọ́lá kọjá lójoojúmọ́ ń rí Letmauk Barracks, kò sì mọ̀ pé Bọ́mà ni Letmauk wà, ibi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan àwọn ọmọ Nàìjíríà, ti kojú àwọn ará Jàpáànù ní 1945. Àwọn bàbá àgbà tí wọ́n ń pè ní ṣọ́jà Bọ́mà láyé ijọ́un, irú ogun tí wọ́n lọ nìyẹn. Odògbo náà ńkọ́? Orúkọ Adékúnlé Fájuyì ni wọ́n fi sọ bárékè yẹn. Ọmọ Adó-Èkìtì ni, òun sì ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, wá sí Ìbàdàn. Ní 29 July 1966 ni wọ́n mú àlejò àti olùgbàlejò pa pọ̀, tí wọ́n gbé wọn lọ sí apá Lálúpọn, tí wọ́n sì pa wọ́n. Nígbà tí mo bá sọ ìtàn yìí, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè máa kọ́ ọmọ ní ìwà ológun nílùú yìí kó má sọ ọ́.

Ipò ló kàn. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á sójú bọ́ọ̀dù, màá nù ún, màá ní kí wọ́n yà á padà. Lance corporal, ìlà kan lápá, kọ́pùrà, méjì, sájẹ́ǹtì, mẹ́ta. Ti àwọn ọ́fíísà, èjìká ló wà. Ìràwọ̀ kan ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ́fíísà ń lò, méjì ni lẹ́fútẹ́náǹtì, mẹ́ta ni kápútéènì. Tó bá di méjọ̀, àwọn ìràwọ̀ á lọ, ẹyẹ idì kan á bọ́ síbẹ̀. Láti ibẹ̀, ìràwọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ idì: ọ̀kan fún lẹ́fútẹ́náǹtì kọ́nẹ́ẹ̀lì, méjì fún kọ́nẹ́ẹ̀lì, mẹ́ta fún bìrìgédíà jẹ́nẹ́rà. Ọmọ tó bá ti mọ ètò yìí lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Odògbo, kó sì sọ ẹni tó ń kọjá.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni sálúùtù. Ọmọ tuntun á rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á gbọ́wọ́ sórí pàà! Màá ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Sájẹ́ǹtì kì í gba sálúùtù. Ọ́fíísà nìkan ló ń gbà á, nítorí àṣẹ tí ìjọba fi lé e lọ́wọ́. Àṣẹ yẹn là ń kí. Ọmọbìnrin kan ní JSS 3 gbọ́ èyí, ó ronú díẹ̀, ó nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ọ́fíísà yẹn bá jẹ́ ọmọ kékeré sí yín ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa kí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo lè bí lọ́mọ, òun náà sì dá a padà fún mi, torí pé ọ́fíísà tí a bá kí gbọ́dọ̀ dá ìkíni padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nìyẹn. Wọ́n rò pé ẹni ìsàlẹ̀ nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún ẹni òkè.

Bí a ṣe ń ṣe é: ọwọ́ ọ̀tún, àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú, kó gba ọ̀nà tó jìn gòkè, kó gba ọ̀nà tó yá sọ̀ kalẹ̀. Láìsí bẹ́rẹ́ẹ̀tì lórí, kò sí sálúùtù. Èèyàn á kàn dúró ṣánṣán ni.

Ọ̀rọ̀ ìkíni yìí dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Páréèdì ìparí sáà là ń ṣe, ìyá àgbà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wá wò ó. Wọ́n rìn lọ síbi tó wà lórí ìlà, wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń retí kó dọ̀bálẹ̀. Ọmọ ò mira. Ojú rẹ̀ ń wo iwájú bí a ṣe kọ́ ọ, àmọ́ mo rí i tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá kọrí sọ́dọ̀ mi: "Ohun tẹ́ ẹ ń kọ́ wọn rèé? Ọmọ mi ò wá lè kí mi mọ́?" Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí koríko, mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jẹ́ ká tú wọn ká ná." Bí a ṣe ní kí wọ́n lọ, ọmọ yẹn sáré wá, ó nà gbalaja sílẹ̀, bẹ́rẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yí lọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì níbẹ̀. Òfin tí mo fún wọn látọjọ́ náà kò ṣòro: lórí ìlà, iwájú ni kó o máa wò. Tó o bá ti kúrò lórí ìlà, ọmọ Yorùbá ni ẹ́, kí àgbà bó ṣe yẹ.

Máàṣì fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló ń kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, ìgbésẹ̀ kan tó nǹkan bí 75 sẹ̀ǹtímítà, nǹkan bí 120 ìgbésẹ̀ ni a sì ń gbé ní ìṣẹ́jú kan. Ti dídúró ni mo fẹ́ kí òbí gbọ́. Tí èèyàn bá dúró gbagidi fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ á rọ̀ sí ẹsẹ̀, èyí tó ń lọ sí ọpọlọ á dín kù, òyì á kọ́ ọ, á ṣubú. Nítorí náà, mo ń kọ́ wọn kí wọ́n máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà, kí wọ́n má sì na orúnkún gan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò jẹun, tí kò mumi láàárọ̀, kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní ẹ̀kọ àti àkàrà kí wọ́n tó jáde. Ẹni tó bá sì dákú, gbogbo kádẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a kì í fà á dìde: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, ẹ má pagbo lé e lórí. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dà, aṣọ tó mọ́ ni kí ẹ tẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀ gírígírí, ẹ má sì máa ṣí i wò ṣáá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni máàpù. Èyí tí a ń lò, sẹ̀ǹtímítà méjì lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan lórí ilẹ̀. 1:50,000 ni wọ́n ń kọ sí i. Àwọn ìlà tó dábùú ara wọn pín in sí ojú ilé kéékèèké, ìwọ̀n kìlómítà kan ni ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí a bá fẹ́ sọ ibì kan, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ la kọ́kọ́ ń kà lọ sí apá ọ̀tún, ká tó ka tẹ̀gbẹ́ gòkè. Ọmọ tó bá yí i po, odò ló máa darí àwọn èèyàn rẹ̀ sí.

Tí wọ́n bá ti mọ ìyẹn, a máa ń kó wọn lọ sí Òkè Mápó. Mo yan ibẹ̀ torí pé kò sí ọmọ tí kò mọ ibi tó dúró sí, nítorí náà iṣẹ́ wọn ló máa dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Wọ́n á fi kọ́ńpáàsì wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, àjà 26, ilé tí wọ́n parí ní 1965, tí kò ṣeé ṣì mọ̀. Ká ní kọ́ńpáàsì sọ pé dígírì 300. Láti mọ apá tí ìlà máa gbà padà láti ibẹ̀ sọ́dọ̀ yín, ẹ yọ 180, ó ku 120. Lórí máàpù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ilé Kòkó, kí ẹ fa ìlà sí apá 120. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún Layípo, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn. Tí nọ́ńbà bá kéré sí 180, ṣe lẹ máa fi 180 kún un. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ lẹ wà. Tí kì í bá ṣe Mápó ni wọ́n ti pàdé, nǹkan kan ti bàjẹ́, ẹ wá a kàn.

Ọmọkùnrin méjì wo Ilé Kòkó níjọ́ kan, nọ́ńbà wọn jìnnà síra gan-an. Wọ́n ń jiyàn, oníkálukú ní tòun ló tọ̀nà. Mi ò dá sí i. Ọmọbìnrin kan ló wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀, ó sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé, "Kúrò lára irin yẹn ná." Ó fara ti irin ọgbà láìmọ̀. Ó rìn díẹ̀ sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì gbọ̀n, ó yí díẹ̀díẹ̀, ó balẹ̀ síbi tí tẹnì kejì wà. Gbogbo wọn pariwo. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún ní kí n sọ ọ́ fún un: fóònù, kọ́kọ́rọ́, bẹ́líìtì onírin, wọ́n á kọ́kọ́ kó o jìnnà kí wọ́n tó gbé kọ́ńpáàsì. Àwọn òbí máa ń sọ fún mi pé fóònù ti ń fi ibi tí èèyàn wà hàn. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ọmọ tó ti rí i bí irin lásán ṣe yí abẹ́rẹ́ padà á máa yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á gbọ́, bóyá látẹnu fóònù ni o, bóyá látẹnu èèyàn.

Ti rédíò yá. Ọ̀rọ̀ kan la fi ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Alfa fún A, Bravo fún B, Charlie fún C, títí dé Zulu fún Z. Létí ẹni tó wà nínú ariwo, B, D, P àti T jọra jù; Bravo, Delta, Papa, Tango kò lè dàrú. Pẹ̀lú aago: 0600 ni mẹ́fà àárọ̀, 1800 ni mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kó tó di Mọ́ńdè, wọ́n ti ń fi pe orúkọ ara wọn káàkiri kíláàsì.

Àsíá ló gbẹ̀yìn, mi ò sì gba àṣìṣe níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Tí a bá fẹ́ ta á sí ìdajì òpó nítorí ọ̀fọ̀, òkè téńté la kọ́kọ́ ń fà á dé ká tó sọ ọ́ wálẹ̀ sí ìdajì. Tí a bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, a tún gbọ́dọ̀ fà á dókè ná. Mo sì máa ń sọ fún wọn pé Ìbàdàn ni wọ́n bí Táíwò Akínkúnmi, ẹni tó ya àwòrán àsíá wa, sí, ìlú yìí ló ti kàwé ní Ibadan Grammar School, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí ìdíje ní 1959. Oòrùn pupa kan wà láàárín funfun tó yà, ìgbìmọ̀ ló yọ ọ́ kúrò. Láàárín wa níbí ló gbé kó tó kú ní August 2023. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kí àsíá ní àárọ̀ Mọ́ńdè kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Orin orílẹ̀-èdè, èyí tí a ń kọ láti 1960 títí di 1978 ló tún padà ní May 2024. Mo ní kí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n lọ bá bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀. Wọn ò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ ní sáà tuntun, ohun tí kó mú dání kò pọ̀: ìwé, pẹ́ńsù, rúlà, ike omi, bàtà kánfáàsì. Kó fi fóònù sílẹ̀ nílé. 0700 la ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní ásímà tàbí àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, ẹ wá sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀ kó tó bọ́ sórí pápá. A kì í lé irú wọn padà. Iṣẹ́ máàpù àti rédíò pọ̀ nílẹ̀ tí kò ní kẹ́nikẹ́ni sáré.