Charles ti Valois: Ohun tí mo kọ́ nípa kíka ìtàn àbúrò ọba

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìtàn ilẹ̀ Faransé àtijọ́, ẹ fi Charles ti Valois ṣe ìdánrawò. Ọdún 1270 ni wọ́n bí i. Philip Kẹta ni bàbá rẹ̀, Philip Kẹrin sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yìí mẹ́ta jọba tẹ̀ léra wọn, ọmọ bíbí inú Charles náà jọba ní 1328. Òun nìkan ni adé fò dá.

Ẹ má fi ojú ilé ọlọ́ba tiwa wò ó o. Kò sí pé ìdílé kan jẹ kí òmíràn tó jẹ, kò sì sí afọbajẹ. Dáwódù ló ń jogún, àbúrò a sì gba ìpín ilẹ̀.

Ìpín yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó ka oyè kankan. Ẹni tó gbà á ń jẹ owó tó ń wọlé níbẹ̀, ó ń dá ẹjọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kú láìlọ́mọ, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ọba. Bẹ́ẹ̀ ni Poitou ṣe padà ní 1271 nígbà tí Alphonse, àbúrò bàbá-bàbá Charles, kú láìfi ọmọ sáyé. Charles gba Valois, ó tún gba Alençon àti Perche. Ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ti ń wá.

Àwọn oyè tó dún jù lẹ́nu ni kò ní nǹkan nínú. Ní 1282 àwọn ará Sicily ṣọ̀tẹ̀, Peter ọba Aragon sì gba erékùṣù náà. Póòpù Martin Kẹrin bínú, ó ní òun gba adé Aragon lọ́wọ́ Peter, ó fi ta Charles lọ́rẹ. Fìlà kádínà ni wọ́n fi dé e dípò adé, ni wọ́n bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọba onífìlà. Nígbà tí ogun Faransé gbéra lọ sí Aragon ní 1285, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Charles. Ọ̀nà òkun ni oúnjẹ àwọn ọmọ ogun ń gbà wá. Ọ̀gágun ojú omi Roger ti Lauria fọ́ ọkọ̀ wọn, àìsàn sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Philip Kẹta, bàbá Charles, fúnra rẹ̀ kú sí Perpignan lóṣù October.

Ẹ wá wo bí òfo ṣe di èrè. Ní 1290 Charles jáwọ́ nínú Aragon, ó fẹ́ Margaret ọmọ ọba Naples, ìyàwó sì mú Anjou àti Maine wá. Lẹ́yìn ikú Margaret, ó fẹ́ Catherine ti Courtenay, tí wọ́n ń pè ní ọbabìnrin Constantinople. Àwọn Gíríìkì sì ti gba ìlú náà padà láti 1261! Oyè wà, ìlú kò sí.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Ọjọ́ Àjíǹde ni ọdún ń bẹ̀rẹ̀ ní ààfin Faransé, nítorí náà ìgbéyàwó Catherine tó wáyé níbẹ̀rẹ̀ 1301, 1300 ni ìwé ìgbà náà yóò pè é. Ní ti owó, oríṣi livre (owó Faransé ìgbà náà) méjì ló wà: livre ti Paris mẹ́rin ni livre ti Tours márùn-ún. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ìṣirò yín bàjẹ́. Bàbá ìyàwó rẹ̀ Margaret ń jẹ́ Charles, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń jẹ́ Charles, ọmọ tirẹ̀ náà ń jẹ́ Charles. Ẹ máa kọ orúkọ ilẹ̀ mọ́ ọn nígbà gbogbo.

Ní November 1301 Charles ti Valois wọ Florence ní Ítálì, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì, Dúdú àti Funfun, ti ń jà, lórúkọ olùlàjà tí Póòpù Boniface Kẹjọ rán. Ẹgbẹ́ Dúdú gbára lé e, wọ́n kó ilé àwọn ẹgbẹ́ Funfun, wọ́n sì lé wọn jáde. Akéwì Dante wà lára àwọn tí wọ́n lé.

Ọ̀rọ̀ owó ló tún dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Enguerrand de Marigny, ẹni tó ń mójú tó àpò ìṣúra Philip Kẹrin. Nígbà tí ẹ̀sùn owó kò ràn án, ẹ̀sùn oṣó ni wọ́n gbé dé, wọ́n sì yẹgi fún un ní Montfaucon ní April 1315. Àwọn akọ̀tàn ní nígbà tí Charles ń ṣàìsàn, kó tó kú ní December 1325, ó ń fún àwọn aláìní ní sààrà kí wọ́n lè gbàdúrà fún Enguerrand. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sọ́tọ̀, ẹ ka ìtàn àbámọ̀ yìí sọ́tọ̀; ọdún mẹ́wàá ló wà láàárín wọn.