Ibi tí a jókòó sí ló bà á jẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbi àsè idán ní Àgbádárìgì

Sátidé tó kọjá yìí ló ṣẹlẹ̀, inú mi ò sì tíì rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó àsè alẹ́ àti idán fún ọlidé yìí, tí ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó gba tábìlì: ẹ má jókòó sí ẹ̀gbẹ́. Ìbáà jẹ́ ilé ìtura ńlá, ìbáà jẹ́ gbọ̀ngán kékeré etí ọ̀sà, ẹ má jókòó sí ẹ̀gbẹ́. Mo máa tún un sọ nísàlẹ̀, ẹ má bínú sí mi.

Ìkòròdú la ti lọ, èmi, ìyá àwọn ọmọ, àtàwọn ọmọ mẹ́ta. A ti fi ọ̀sán wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, a sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gberefu, ẹsẹ̀ ti ń ro gbogbo wa nígbà tí a fi máa dé ibi àsè. Aago méje ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú la wọlé. Ọmọkùnrin tó ń fi àga han èèyàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ síbí, ilé ìdáná nìyí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí oúnjẹ." Tábìlì tó kángun sápá òsì pátápátá ni, ó fara ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó. Èmi tí mò ń fi àga, tábìlì àti kánópì háyà jẹun!

Oúnjẹ ti wọlé, ìrẹsì àgbọn àti ẹja ọ̀sà, kí onídán tó jáde. Ó kọ́kọ́ fi okùn ṣeré, ó gé e, ó so ó, ó nà án, okùn di odindi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ló bá fa áńkáṣíìfù pupa kan yọ. Ó di ọwọ́ òsì ní ẹ̀ṣẹ́, ó ń ki áńkáṣíìfù náà bọ inú ẹ̀ṣẹ́ yẹn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún tì í wọlé. Orin rọlẹ̀. Iná kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀ṣẹ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí ẹ̀ńjìnnì ṣe ń kùn lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni ọmọ mi kejì, ọmọ ọdún 8, ti lọgun: "Dádì, ẹ wò ó, àtàǹpàkò rẹ̀ ti di ti òyìnbó!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó wà láàárín ò tiẹ̀ mọ ohun tó rí, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ onídán dúró lófuurufú. Ọmọdé ni òun náà, bóyá ni yóò pé ọdún 25. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ní ọmọ yìí máa di adájọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín síyẹn. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀ lábẹ́ iná yẹn, gbogbo wa rí i. Ni olóòtú ètò bá gba gbohùngbohùn: "Ẹ jọ̀ọ́, dádì ọmọ yẹn, ẹ bá wa di ẹnu ẹ̀ mú." Gbogbo orí yí sí tábìlì wa. Màmá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pòṣé, ó ní, "Àwọn òbí ayé ìsinsìnyí." Ọmọ mi ò mọ ohun tó ṣe. Ó rò pé onídán fẹ́ ká rí i ni. Ó gbé orí lé tábìlì láàárín àwo àti ife, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ wò mí, kò sọ̀rọ̀. Kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń dùn mí o. Èjìká ọmọ yẹn ni.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé n kò kọ́ ọmọ. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ló sọ. Wọ́n gbé wa lọ sáàárín lẹ́yìn ìsinmi, ó rí apá kejì dáadáa, onídán fún un ní káàdì kan nígbà tí wọ́n parí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí àga fi ṣe pàtàkì tó báyìí. Àwọn tó jókòó níwájú nìkan ni onídán orí ìtàgé ń tàn jẹ. Àtàǹpàkò tí ọmọ yẹn rí, oníke ni, ihò wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni áńkáṣíìfù sá wọ̀. (N kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni, wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ ilé ìwé náà mọ̀ ọ́n.) Bí onídán bá na àtàǹpàkò yẹn sí ẹni tó jókòó níwájú gangan, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni onítọ̀hún rí, bí ẹni rí orí ìṣó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí gbogbo gígùn rẹ̀, ó rí ibi tí oníke ti parí tí awọ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tó ń ti òkè òkun wá, àwọ̀ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é, ó dà bí àtàǹpàkò tí wọ́n yá lò lára ọwọ́ ọmọ wa. Onídán ò sì lè na àtàǹpàkò kan sí ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Bákan náà ni owó ẹyọ. Tó bá fi pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ló kọ sí iwájú. Ẹni ẹ̀gbẹ́ ń yọjú láti àlàfo tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ọwọ́. Ti dígí ló wá burú jù. Ní 1865 ni onídán kan tó ń jẹ́ Stodare ti fi í ṣe wọ́n ní kàyéfì ní London: orí èèyàn kan ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí lórí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn rò pé òfìfo ni abẹ́ tábìlì, bẹ́ẹ̀ dígí méjì ló wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n dá wọn dúró ní igun dígírì 45, tí wọ́n ń gbé àwòrán aṣọ ìkélé ẹ̀gbẹ́ jáde bíi pé ti ẹ̀yìn ni. Ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n ń lò dòní. Ibi tí mo jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí agbáwo bá ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mò ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń tàn yẹ̀rì lábẹ́ tábìlì onídán tó yẹ kó ṣófo. Mo dákẹ́ ni tèmi. Ọmọ ọdún 8 ni kò lè dákẹ́.

Àwa tí a gbọ́ ìròyìn Professor Peller, onídán ọmọ Ìsẹ́yìn, tó kú ní 1997, a ti gbà látilẹ̀ pé oògùn ni idán, a sì rò pé ibi tó bá wu èèyàn ló lè jókòó, ṣebí oògùn kì í wo ẹ̀gbẹ́. Ní Àgbádárìgì gan-an, Sàngbétò, eégún àwọn Ẹ̀gùn, ń jó láàárín èrò tó yí i ká, wọ́n á dojú ẹ̀ délẹ̀ kí gbogbo ayé rí i pé kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ti awo nìyẹn, n kò ní ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Àmọ́ ìyẹn ló mú kí ojú àwọn ará ibẹ̀ máa retí pé kí idán ṣeé wò látòkè délẹ̀, tọ̀tún tòsì. Idán orí ìtàgé ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú kan, ó ní ẹ̀yìn, ó ní ẹ̀gbẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé àga yín dára? Ẹ jókòó sí i kí wọ́n tó pa iná, kí ẹ wo aṣọ ìkélé ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Bí ẹ bá ń rí inú ibi tí àwọn tó ń ran onídán lọ́wọ́ ń sá sí, tí ẹ rí ẹsẹ̀ èèyàn níbẹ̀ tàbí àpótí tí wọ́n kó jọ, ẹ dìde. Bí tábìlì bá kọjá etí ìtàgé síta, bó ti wù kó kéré tó, ẹ dìde. Èyí tó dáa ni tábìlì tó kọjú sí ààrin ìtàgé, ní ìlà kejì tàbí ìkẹta. Ìlà àkọ́kọ́ náà kì í ṣe tiwa: ìtàgé tí a máa ń to sábẹ́ kánópì máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3, ọrùn á máa ro yín, èéfín ẹ̀rọ á máa wọ oúnjẹ, sípíkà á máa dún sétí ọmọ, ẹ̀yin sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà lọ́wọ́ gòkè. Ẹ̀yìn pátápátá ńkọ́? Káàdì ò tóbi, ẹ kàn máa gbọ́ àtẹ́wọ́ ni, ẹ ò ní mọ ohun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ sí.

Ẹ tún wo tábìlì fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ gbà mí gbọ́. Tábìlì róbótó tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, èèyàn 8 ló gbà. Ẹsẹ̀ bàtà 6, èèyàn 10. Bí wọ́n bá to àga 10 yí i ká, ó kéré tán èèyàn 4 ló máa kọ ẹ̀yìn sí ìtàgé. Wọ́n á yí àga padà nígbà tí idán bá bẹ̀rẹ̀, àwo á wà lẹ́yìn wọn, ìgúnpá á gbá ife, ọbẹ̀ á dà sára aṣọ. Ibi tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í to àga yí tábìlì ká tán. Wọ́n á fi apá ọ̀dọ̀ ìtàgé sílẹ̀ lófìfo, èèyàn 6 sórí tábìlì èèyàn 10. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n tò ó yíká, ẹ gbé ọmọ sí àga tó kọjú síwájú, kí àgbàlagbà gba èyí tó kọ ẹ̀yìn. Òdìkejì ìyẹn ni èmi ṣe, mo fẹ́ wo nǹkan, mo gbé ọmọ sí igun. Mo jẹ̀bi ìyẹn.

Oúnjẹ: ẹ parí ẹja kí wọ́n tó pa iná. Ẹja ọ̀sà kún fún egungun, òkùnkùn ò sì mọ ọmọdé. Bí wọ́n bá ní ìgbà idán ni àwọn máa gbé oúnjẹ gidi wá, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ohun tí ṣíbí lè gbé, ìrẹsì tàbí mọ́ínmọ́ín, kí ẹ gbé ata púpọ̀ tì. Tó bá jẹ́ ìta létí omi ni, ẹ̀fọn ń bẹ. Aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀.

Ti ọmọdé, ohun tí mo yẹ kí n ṣe nínú ọkọ̀ ni kí n sọ fún un pé bó bá rí nǹkan tó yà á lẹ́nu, kó fọwọ́ kan orúnkún mi, a ó sọ ọ́ nílé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ má mú un dání, oorun á gbé e kí idán tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kó sunkún nígbà tí iná bá kú. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, bí ẹ tilẹ̀ kọ́ ọmọ títí, bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́, ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ló máa rí. A ti padà síbẹ̀ nìyẹn.

Bí onídán bá pè yín gòkè, ẹ bọ́ òrùka ìgbéyàwó kí ẹ tó dìde, ẹ fi fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé. Tó bá fẹ́ yá owó, ẹ fún un ní owó kan ṣoṣo, kí ẹ ti ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sókè fún gbogbo ilé. Wọn ò ní bínú. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń mú idán dùn.

Ẹ sùn sí Àgbádárìgì. Ẹ má fi òru wakọ̀ padà sí Mile 2 lójú ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú kòtò àti àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró láti ìhà Sẹmẹ̀ wá. Ìwé ọkọ̀ yín kó wà nítòsí lówùúrọ̀ tí ẹ bá ń bọ̀.

Lórí fóònù, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń kọ nọ́ńbà tábìlì sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú ibi tó wù ú, ẹ dé níbẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Bí wọ́n bá ní nọ́ńbà wà, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán gbọ̀ngán ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, kí wọ́n fi àmì sí tábìlì yín àti ibi tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná wà. Ibi tí mo pè láàárọ̀ yìí fún oṣù Kejìlá ti fi tiwọn ránṣẹ́. Ọmọ náà ló yan tábìlì: ìlà kejì, ààrin gangan.