Òkè tí kò sí nínú igbó

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi wo ọkọ̀ ojú irin kan náà tó ń dúró síbì kan náà lórí kọ̀ǹpútà mi. Ẹ́ńjìnnì kan, wágọ́nù 18 tó kún fún òkúta. Bó bá ti wọnú igbó báyìí, eré rẹ̀ á máa rẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí lásán lórí irin, á sì dúró. Bẹ́ẹ̀ ojú irin yìí wà lójú ayé, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gba ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀nà tí mo là ló ní àléébù.

Trainz ni mo fi ń ṣe é, ìyẹn géèmù kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti lè la ojú irin, kó sì wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Láti orí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè bá wọn yà, ni mo ti ń mú ìlà ojú irin, torí àwọn tó ń ya máàpù yẹn láti ọdún 2004 máa ń fi ẹ̀sọ̀ yà á: ẹ ó rí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ibùdókọ̀, níbi púpọ̀ ẹ ó tún rí ìwọ̀n eré tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Gíga ilẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. SRTM ni mo lò fún ìyẹn, ìyẹn ìwọ̀n tí rédà inú ọkọ̀ òfuurufú Endeavour fi ọjọ́ 11 wọ̀n ní oṣù Kejì ọdún 2000. Ní bíi mítà 30 síra wọn, ó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó. TransDEM, ètò kọ̀ǹpútà kan, ló bá mi kó méjèèjì wọnú Trainz. Nígbà tí àfonífojì tí mo ti ń wò lórí máàpù láti ọjọ́ yìí yọ níwájú mi, tòun ti odò rẹ̀, mo dìde lórí àga.

Mo wá lẹ irin mọ́ ilẹ̀: bí ilẹ̀ bá gòkè, irin á gòkè. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Nígbà tí mo wọn ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró, irin gòkè ní mítà 15 láàárín mítà 200 péré. Ta ni yóò la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù? Mo ṣí àwòrán sátẹ́láìtì, mo rí igi ńláńlá tó dí pa lọ́tùn-ún lósì. Kò sí òkè kankan. Rédà kò lè ríran dé ìdí igi tó bá dí tó báyẹn. Orí igi ló wọ̀n, èmi sì gbé ojú irin lé orí igi.

Ní báyìí, irin ni mo ń kọ́kọ́ tò, ilẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Mo ń wá ibi tí gíga rẹ̀ dá mi lójú, bíi ibùdókọ̀ tí wọ́n kọ gíga rẹ̀ sórí máàpù àtijọ́, tàbí ibi tí títì ti gba orí irin kọjá ní gbangba, níbi tí igi kò sí. Ibùdókọ̀ kan wà ní mítà 112, èyí tó tẹ̀ lé e wà ní 148, kìlómítà 6 ló sì wà láàárín wọn. Ìyẹn jẹ́ mítà 6 nínú ẹgbẹ̀rún, ẹ́ńjìnnì mi á gùn ún. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ga ju irin lọ, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni. Ibi tó bá ti rẹlẹ̀, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ sí i. Mo padà sórí máàpù àtijọ́ yẹn, àmì ilẹ̀ gbígbẹ́ sì wà níbi tí ìṣirò mi sọ gan-an. Inú mi dùn débi pé n kò sùn mọ́.

Àwọn kan máa ń tẹ́ gbogbo ọ̀nà pẹrẹsẹ kí wàhálà lè tán. N kò fara mọ́ ọn. Bí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá kúrò níbẹ̀, kí ló kù tí dírẹ́bà ń bá jà?

Fún ibi tí ọ̀nà bá ti tẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé gbogbo àmì orí OpenStreetMap lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ yín á máa mirí. Ẹ kọ́kọ́ na ìlà gbọọrọ méjèèjì, kí ẹ tó fi ẹyọ ìtẹ̀ kan so wọ́n pọ̀.

Lálẹ́ àná, wágọ́nù 18 yẹn gba inú igbó kọjá. Ẹ́ńjìnnì ń mí kíkankíkan, eré rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Àfonífojì ló kàn, níbi tí ilẹ̀ ti já wálẹ̀ sínú odò tí afárá gígùn sì gbé irin kọjá lókè.