Ọ̀la Ni Science Fair: Ẹ Yẹ Ilé Ìdáná Yín Wò

Kò sí òbí tó ní ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí tí kò mọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn. Ẹ ti jẹun, ẹ ti lọ aṣọ iléèwé tán, ni ọmọ bá fa ìwé kan tó ti rún yọ láti ìsàlẹ̀ báàgì: "Mọ́mì, ọ̀la ni science fair wa," ìyẹn ìpàtẹ ìdánwò sáyẹ́ǹsì tí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe. Ìwé ọ̀hún ti wà nínú báàgì náà láti bí oṣù kan. Ẹ má wulẹ̀ pariwo. Walmart ò tíì tì. Ẹ rán bàbá rẹ̀ lọ ra páálí funfun tó ń ṣẹ́ sí mẹ́ta, kí ẹ̀yin àti ọmọ wọ ilé ìdáná lọ.

Houston là ń gbé, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilé ìdáná Yorùbá ní ìlú yìí lóhun èlò sáyẹ́ǹsì ju àpótí olówó gọbọi tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọdé lọ. Ẹni tó bá ń ná ọjà ní òpópónà Bissonnet, káún á wà nínú ike nílé rẹ̀, zobo gbígbẹ á wà nínú ọ̀rá, yíìsì puff-puff á wà nínú fìríìjì, isu Ghana á wà lábẹ́ tábìlì, ọṣẹ dúdú á wà ní balùwẹ̀. Ohun tó kù ò ju ìbéèrè lọ.

Ibi ìbéèrè yẹn gan-an ló ti máa ń le fún àwa tí a kàwé nílé. Àhásórí ni sáyẹ́ǹsì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn ọmọ JETS Club, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì iléèwé, ló ń kan nǹkan pọ̀, àwa yòókù ń ya àwòrán Bunsen burner, iná tí wọ́n ń lò ní yàrá sáyẹ́ǹsì, sínú ìwé, a ń fi rúlà fa ilà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Níbí, wọn ò ní ní kí ọmọ wá ka ohun tó mọ̀. Wọ́n á ní: kí lo fẹ́ mọ̀, báwo lo ṣe wá a, kí lo rí? Ọmọ tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kódà kó jẹ́ omi àti iyọ̀ ló fi ṣe é, á ta ọmọ tí dádì rẹ̀ bá kan rọ́bọ́ọ̀tì yọ.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkè ayọnáyèéfín sílẹ̀. Ojú àwọn tó ń ṣèdájọ́ ti rí i tó. Fínígà bá pàdé baking soda, ó hó, ó tú jáde, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ló ń sá jáde níbẹ̀. Ó dùn-ún wò, àmọ́ kò sí ohun tí ọmọ ń wá níbẹ̀. Bó bá wá ní, "Tí mo bá sọ fínígà di ìlọ́po méjì, ṣé bàlúùnù tí mo so mọ́ ẹnu ìgò á wú ní ìlọ́po méjì?", ó ti bọ́ sójú ọ̀nà nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kó máa yí padà, kí gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà, kí èsì rẹ̀ jẹ́ ohun tí a lè kà tàbí tí a lè wọ̀n, kó sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ má dá a láṣà kẹ́ ẹ fi búrẹ́dì tó hu ewú ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń gba ọjọ́ púpọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pọ̀ iléèwé ló ń wo òfin ìdíje sáyẹ́ǹsì ńlá tí wọ́n ń pè ní ISEF, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ìpàtẹ gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Philadelphia lọ́dún 1950. Òfin yẹn ò fẹ́ kí ọmọ máa sin kòkòrò àrùn nílé. Bó bá sì jẹ́ èèyàn tàbí ẹranko lọmọ fẹ́ lò, àbúrò rẹ̀ àti ajá ilé náà wà níbẹ̀, ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ máa wá ìwé àṣẹ kiri láago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú?

Ti zobo ni mo fẹ́ràn jù. Kábééjì aláwọ̀ àlùkò làwọn Amẹ́ríkà máa ń lò. Anthocyanin ni ohun tó ń pa àwọ̀ dà nínú rẹ̀, òun náà ló sì mú kí zobo pọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi gbígbóná, ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú 15, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ kọ́kọ́ bu èyí tẹ́ ẹ máa mu sọ́tọ̀. Ẹ wá da omi sí ìyókù títí tẹ́ ẹ ó fi máa rí ìka ọwọ́ yín láti òdìkejì ife, torí bó bá ki jù, àwọ̀ ò ní hàn. Ẹ pín in sínú àwọn ife tó mọ́ gaara, kí gbogbo wọn gba ìwọ̀n kan náà.

Ẹ gún káún kúnná. Ẹ yọ́ ṣíbí kékeré kan rẹ̀ sínú ìdajì kọ́ọ̀bù omi, kẹ́ ẹ ṣe baking soda bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe ọṣẹ dúdú náà bẹ́ẹ̀. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ń kó oògùn ibà àwọn ọmọ sí, ẹ ó rí síríǹjì oníke tí a fi ń kán oògùn sí wọn lẹ́nu. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, òun nirinṣẹ́ wa. Ìbéèrè ọmọ nìyí: ẹ̀kán mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa gbà kí àwọ̀ zobo tó yí padà?

Kó kán ọ̀kan, kó rò ó, kó wò ó. Kó kán òmíràn. Níbẹ̀rẹ̀, á dà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀: tí omi káún bá kàn án, á hó díẹ̀ létí, pupa rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ jẹ́ kó ní sùúrù. Ó máa dé ibì kan tí pupa náà á ṣàdédé ṣá, á di àwọ̀ àlùkò tó dọ̀tí, tó bá sì kán sí i, á di búlúù, á máa lọ sí àwọ̀ ewé. Nígbà tí ti Tẹ́mi, ọmọ mi, dé ibẹ̀, igbe ló fi ta: "Mọ́mì, ó ti kú!"

Ìyá mi, tó wá kí wa láti Ìbàdàn, yọjú láti yàrá. "Ìyá Tẹ́mi, ta ló ń kú nínú ilé yìí?" Wọ́n wo ife, wọ́n wo káún, ojú wọn kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ fi káún sí zobo? Kí ni zobo yín?"

"Grandma, ẹ wò ó, ó ti di green!"

"Mo rí i. Kí lo rò pé a ń fi káún ṣe nínú ewédú? Kó lè yọ̀, kí àwọ̀ ewé rẹ̀ má bàa lọ ni."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ásíìdì ló ń mú kí ewé di ràkọ̀ràkọ̀ lórí iná, káún sì ń pa agbára ásíìdì. Zobo máa ń kan nítorí ásíìdì inú rẹ̀, ẹ̀kán káún kọ̀ọ̀kan ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ìgbà tí ásíìdì bá tán ni àwọ̀ tó yí. Tẹ́mi kọ ọ̀rọ̀ ewédú sórí páálí, sí abẹ́ ibi tí wọ́n ní kó ti ṣàlàyé ohun tó fà á. Ohun tí tíṣà rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Èwo ló borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Mi ò ní sọ. Bí mo bá sọ ọ́, àwọn kan nínú yín á kọ ọ́ sórí páálí láìkán ẹyọ kan. Ẹ mọ ara yín.

Àwọn nǹkan tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú kéré: káún máa ń ta sójú, ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ ìbọ̀wọ́, kó sì má tọ́ ohunkóhun wò nínú ife ìdánwò. Bleach, tí à ń pè ní Hypo nílé, kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí. Bó bá pàdé fínígà, afẹ́fẹ́ chlorine ló ń di, ìyẹn sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bí kò bá sí zobo nílé, ẹ gé isu. Kí gbogbo ègé rẹ̀ tóbi bákan náà: ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lásán, ẹ pa ọ̀kan lómi lásán, ọ̀kan lómi iyọ̀, ọ̀kan lómi ọsàn wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ yọ wọ́n sórí àwo, kí ọmọ máa fi fóònù yà wọ́n ní ìṣẹ́jú 15-15, kó sì máa fi wọ́n wé káàdì àwọ̀ tó fúnra rẹ̀ kùn, láti 1 tó funfun dé 5 tó ti dúdú. Énsáìmù kan nínú isu ló ń bá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣiṣẹ́ tí isu fi ń dúdú. Ọmọ tó ti rí i tí màmá rẹ̀ ń ju isu sínú omi bó ṣe ń bẹ ẹ́ á lè sọ ìdí rẹ̀ báyìí. Ápù náà ṣe é lò. Ó sì kéré lówó sí isu Ghana, ká sòótọ́.

Yíìsì ń gba bíi wákàtí kan. Ìgò mẹ́ta, ṣúgà àti yíìsì ìwọ̀n kan náà, omi tútù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó tó 40°C, àti omi tó gbóná gan-an, bàlúùnù lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ máa fi òwú yí bàlúùnù ká, kó máa fi rúlà wọn òwú náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Omi gbígbóná á pa yíìsì. Tó bá ti kọjá 60°C, kò sí ohun tó máa wú. Ẹ̀yin lẹ máa da omi gbígbóná náà fúnra yín o. Èyí tó sì rọrùn jù ni yìnyín: ẹ wọ́n iyọ̀ sórí ọ̀kan, ṣúgà sórí ìkejì, kẹ́ ẹ fi ìkẹta sílẹ̀, kẹ́ ẹ wo aago. Àwọn ọmọ Texas tó ti gbọ̀n nígbà òtútù oṣù Kejì 2021 ò ní béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ yìnyín fi ṣe pàtàkì.

Páálí wá kù. Ẹ fọwọ́ yín sẹ́yìn. Mo mọ àwọn bàbá kan, ẹnjiníà ni wọ́n, tí wọn ò lè rí ilà wíwọ́ kí wọ́n má gba máákà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ilà wọ́. Ọmọ ló máa dúró níwájú páálí, òun ni wọ́n máa bi pé "Why did you count the drops?", ẹnu rẹ̀ á sì wọ́ tó bá jẹ́ pé dádì ló kà á. Ìbéèrè lókè, ohun èlò àti bó ṣe ṣe é lápá òsì, tábìlì nọ́ńbà àti fọ́tò láàárín, ohun tó rí lápá ọ̀tún. Tẹ́mi kọ "kaun" gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jẹ́ nílé wa, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó béèrè.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ife kẹ́ ẹ tó dà wọ́n nù, torí ọ̀pọ̀ iléèwé kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ohun olómi sórí tábìlì ìpàtẹ, zobo tó bá sì dà sórí àga ọkọ̀ kì í ṣí bọ̀rọ̀. Èyí tẹ́ ẹ bù sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ata ilẹ̀ àti omi ọ̀pẹ̀yìnbó sí i, kẹ́ ẹ gbé e sínú fìríìjì.